Ẹ́ńjìnnì Kékeré Tí Bàbá Ẹ̀pẹ́ Fi Ẹ̀sọ̀ Tọ́

Ìró ọ̀pá Bàbá Ẹ̀pẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́ láràárọ̀ ní ọdún tí wọ́n fi gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìkòròdú. Àwọn ló bí bàbá mi. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe láti ìgbà tí bàbá mi kò tíì mọ ìrìn, ìdí nìyẹn tí àwa ọmọ fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù wọn létí ọ̀sà, ó mú ọwọ́ ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tí ilé ìwòsàn sì fi wọ́n sílẹ̀, bàbá mi ní àfi kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kó, kó, ọ̀pá á dún, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á wá fa ẹsẹ̀ bí ẹni ń fa àpò gàárì. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé wọ́n ti kírun tán, wọ́n ń lọ síbi àga wọn ní fàráńdà. Bàbá mi á ti jáde nígbà náà, nítorí Erékùṣù Èkó ni ọ́fíìsì wọn wà, ẹni tó bá sì ń ti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù kì í dúró de oòrùn. Màmá mi, tó jẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á máa lọ ata lórí ọlọ. Ìyá Ràṣídà, aládùúgbò wa tó wá láti Òṣogbo, á máa fa omi, garawa á máa lu ara kànga gbàù, gbàù. Gbogbo ilé ló ń pariwo àfi Bàbá Ẹ̀pẹ́.

Ọkùnrin tí mo mọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kọ́ nìyẹn. Bàbá Ẹ̀pẹ́ tí mo mọ̀ a máa fi ohùn borí ẹ́ńjìnnì méjì tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àìsàn náà ti mú ahọ́n wọn wúwo, ọ̀rọ̀ ń jáde bí ẹni tó ní iṣu gbígbóná lẹ́nu, ìtìjú rẹ̀ sì jẹ́ kí wọ́n kúkú panu mọ́. Dókítà fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan pé kí wọ́n máa fi ọwọ́ ọ̀tún fún un. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbé e wá bí mo bá ti ilé ìwé dé, kí n sì máa ka ogún. Wọ́n á fún un lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á jẹ́ kó bọ́, á yí lọ sábẹ́ àga, wọ́n á sì wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ohun tó ń dùn mí jù ni oúnjẹ wọn. Màmá mi mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ìkọ́kọrẹ́ tí ẹja gbígbẹ Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ bá pọ̀ nínú rẹ̀, wọn a sì máa sè é fún wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n kí Bàbá Ẹ̀pẹ́ tó fọwọ́ kàn án, wọ́n á yí àga kọjú sí ògiri, kí a má baà rí wọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Mo rò pé ògiri náà ni wọ́n fẹ́ràn láti máa wò. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé àgbàlagbà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọdé pé ọwọ́ ọ̀tún la fi ń jẹun, tí òun fúnra rẹ̀ kò wá ní ọwọ́ ọ̀tún mọ́, ebi nìkan kọ́ ló ń bá a jà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, bàbá mi sọ fún màmá mi ní pálọ̀ pé àwọn ti rí ẹni tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀pẹ́. Ọkùnrin kan tó fẹ́ máa ta yìnyín ni. "Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni mo ní kó wá gba kọ́kọ́rọ́." Màmá mi gbójú sókè nídìí ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ń máàkì, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti bi Bàbá?" Bàbá mi ní, "Kí ni mo fẹ́ bi wọ́n? Ṣé ọwọ́ yẹn ni wọ́n á fi tú ẹ́ńjìnnì?" Kì í ṣe pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ohùn wọn kò dún bẹ́ẹ̀ rárá. Ó dún bí ohùn ẹni tó ti sunkún tán. Ṣùgbọ́n fèrèsé pálọ̀ ṣí sí fàráńdà, èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá Ẹ̀pẹ́ sì rí i bí ọwọ́ òsì wọn ṣe dì mọ́ ọ̀pá títí eegun ọwọ́ fi hàn. Mo retí pé kí wọ́n sọ̀rọ̀, mo tilẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ tì wọ́n díẹ̀. Wọ́n kàn ń wo igi ata tí màmá mi gbìn sínú agolo.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni páálí kan dé láti ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Gàníyù, àbúrò bàbá mi tó wà ní òkè òkun. Ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé ló bá wọn gbé e. Bàálù ìṣeré ni, igi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí ìyẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹ́ apá rẹ̀ gùn tó apá mi méjèèjì. Irú èyí kì í lọ jìnnà. Wáyà tín-ín-rín méjì ni wọ́n fi ń so ó mọ́ ohun tí ènìyàn dì mú lọ́wọ́, á sì máa fò yí onítọ̀hún ká. Inú aṣọ ìnuwọ́ kan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Kò ju ẹyin adìyẹ lọ. Bọ̀dá Gàníyù kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí àwọn bàálù tí a máa ń fi igi gbẹ́ létí ọ̀sà. Èyí ń fò lóòótọ́." N kò rí i rí kí bàbá mi rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ẹni tó gbé e wá fi epo rẹ̀ sínú ọkọ̀ òfuurufú, nítorí náà bàbá mi lọ ra kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní mẹ́tánọ́ọ̀lù, wọ́n sì ra òróró lárà, òróró kan náà tí màmá mi máa ń fún wa mu bí inú bá kún wa. Òórùn rẹ̀ lásán tó láti mú mi sá wọ yàrá.

Ní àárọ̀ Sátidé, bàbá mi de ẹ́ńjìnnì náà mọ́ pákó nípọn kan lẹ́yìnkùlé, wọ́n so abẹ̀bẹ̀ tó ń yí láti fa bàálù mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá kan mú kí pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ gbóná. Ìwé kan wà nínú páálí tó ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnnì tuntun kò gbọ́dọ̀ sáré, pé kí a fún un ní epo púpọ̀, kí ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí a jẹ́ kó tutù, kí a tún bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí a tó gbé e fò. Bàbá mi ka ìwé náà o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ni wọ́n ní láyé yìí, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì fẹ́ kó fò. Wọ́n fi ìka gbá abẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ní ìkẹta ó bú jáde. Àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí páànù. Bàbá mi yí abẹ́rẹ́ tó ń dín epo kù, ariwo náà ga, ó ga sí i títí ó fi dún bí ẹni tí wọ́n ń gbá létí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ.

"Pa á!"

Gbogbo wa yíjú. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ti dìde lórí àga, ọ̀pá wọn ti ṣubú. "Pa á! Múfútáù, pa á! O fẹ́ pa ọmọ ọlọ́jọ́ kan!" Ọ̀rọ̀ náà wúwo, ó lọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Kí bàbá mi tó rí nǹkan ṣe, ẹ́ńjìnnì náà kú fúnra rẹ̀. Ojú ti bàbá mi níwájú wa. Wọ́n yára tún na ìka sí abẹ̀bẹ̀ láti tún un ṣí, ooru tó wà nínú rẹ̀ sì mú kó bú lójijì, ó gé wọn lẹ́nu ìka. Ẹ̀jẹ̀ dà sórí pákó. Màmá mi sáré jáde pẹ̀lú aṣọ, wọ́n di ìka náà, wọ́n ní, "Ẹ kó kiní yìí padà sínú páálí rẹ̀. N kò fẹ́ rí i mọ́." Bàbá mi wọlé. Ìgbà yẹn ni Bàbá Ẹ̀pẹ́ rọra jókòó, wọ́n na ọwọ́ òsì sí mi. "Àbẹ̀kẹ́, gbé e wá." Oríkì mi ni, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé.

Mo gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n gbé e sétí, wọ́n fi ahọ́n kan òróró tó wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n tu ú dànù. "Kò tíì kú," wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n òùngbẹ fẹ́ pa á." Wọ́n ní kí n ka ìwé náà fún wọn. Mo ń kà á ní gẹ̀ẹ́sì, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè ṣe é, wọ́n sì ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ilé. Nígbà tí mo dé ibi tó ní kí òróró jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún epo, wọ́n na ìka sókè. "Bàbá ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sí i. Irú ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ọ́ìlì tirẹ̀ nínú, Àbẹ̀kẹ́. Inú epo ló ti ń jẹ ẹ́, bíi tàwọn ọkọ̀ ojú omi wa. Ẹni tó kọ ìwé yẹn mọ iṣẹ́." Mo bi wọ́n ìdí tí ẹ́ńjìnnì tuntun kò fi lè sáré, ṣebí tuntun ló yẹ kó lágbára jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu kan. "Ẹ́ńjìnnì tuntun dà bí ìyàwó tuntun. A kì í fi iṣẹ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn irin inú rẹ̀ kò tíì mọ ara wọn. Bí o bá fi ipá pa wọ́n pọ̀, wọ́n á ha ara wọn títí ayé. Bí o bá mú sùúrù, wọ́n á yọ́ mọ́ ara wọn."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màmá mi gbà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé àwọn ni yóò máa ti epo náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, pé n kò sì ní fi ìka kan abẹ̀bẹ̀ láé. Bàbá Ẹ̀pẹ́ ní kí n gé rọ́bà inú táyà, kí n wé e mọ́ ọ̀pá kúkúrú kan, òun ni mo fi ń gbá abẹ̀bẹ̀. Wọ́n kọ́ mi láti máa dúró lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe níwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé iná mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í hàn lójú oòrùn, pé ó lè máa jó ènìyàn kí ènìyàn máa wá a kiri. Èmi ni ọwọ́ ọ̀tún, àwọn ni etí. Ní ọjọ́ kìíní a fún un ní epo tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń dún gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ bí àgbà tó ń wúkọ́, èéfín búlúù bo ẹ̀yìnkùlé, òróró dúdú ń ta sí pákó. Wọ́n yọ tẹ̀sùbáà wọn, wọ́n ń pe "Subuhanalláàhi" lábẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ka ìlẹ̀kẹ̀ yẹn yí po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní, "Ó tó." Mo bi wọ́n bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni láti fi tẹ̀sùbáà ka àkókò ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní, "Ṣé Ọlọ́run ni kò dá irin ni?" Lẹ́yìn náà a ó jókòó, a ó dúró kí ó tutù. Wọn kì í jẹ́ kí n fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ lé e, bí mo bá lè gbé e lé e kí n ka ogún, ó ti tutù nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta ni Ìyá Ràṣídà kan ilẹ̀kùn wa pẹ̀lú ọmọ ìkókó lọ́wọ́. Ọmọ náà kò tíì pé ogójì ọjọ́, ariwo wa sì ń jí i. "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, mo ti fara dà á. Bó bá tún dún lọ́la, lọ́dọ̀ lándílọ́ọ̀dù ni màá ti sọ ọ́." Màmá mi wò mí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán. N kò mọ̀ pé Bàbá Ẹ̀pẹ́ gbọ́ ọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìró ọ̀pá kọjá fàráńdà, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta tí wọn kò tíì fẹsẹ̀ kàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, ó gba àárín kọ́ńpáùndì lọ. Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ràṣídà, wọ́n ń mí gulegule. "Ìyá ọmọ, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ariwo mi ni, kì í ṣe ti ọmọdé yìí." Ìyá Ràṣídà ti kúnlẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. "Háà, Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ̀yin lẹ rìn wá síbí? N kò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ariwo náà." Ó wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ilẹ̀ òfìfo kan wà lẹ́yìn ilé, tó kọjá oko ẹ̀gẹ́ àwọn ará ibẹ̀, pé ibẹ̀ jìnnà sí ọmọ, pé bí a bá ń lọ lẹ́yìn ìrun Alásàrì, òun á ti bọ́ ọmọ tán. Láti ọjọ́ náà, a ń rìn lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ a sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́nà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀kan péré la ń sinmi, Ìyá Ràṣídà sì ti ń fi omi tútù dè wá nígbà tí a bá ń padà bọ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń mọra, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń yí. Bàbá Ẹ̀pẹ́ máa ń ní kí n fi aṣọ funfun nu òróró tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Dúdú ni lákọ̀ọ́kọ́, ó wá di bí omi tíì, ó sì wá mọ́ títí aṣọ náà kò fi yí àwọ̀ mọ́. "Wọ́n ti ń mọ ara wọn," wọ́n á wí. Ọjọ́ kan ni mo ṣàkíyèsí pé ọwọ́ ọ̀tún ni tẹ̀sùbáà wà. Àtàǹpàkò wọn ń ti ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ̀n, ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n ó ń tì í. N kò sọ nǹkan kan, nítorí ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ̀rọ̀ yóò dúró. Títí dòní, bí mo bá rántí, n kò lè sọ pé ẹ́ńjìnnì ló wo wọ́n sàn. Ọwọ́ náà kò padà bọ̀ sípò tán láéláé. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tí kò fún bọ́ọ̀lù rọ́bà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ ń ti ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Bàbá mi kò bá wa dá sí i ní gbogbo àkókò yìí. Wọ́n á dé láti Erékùṣù, wọ́n á bi mí ní kọ̀rọ̀ pé, "Mélòó lẹ ṣe lónìí?" màá sọ, wọ́n á ní, "Hẹn-ẹn," wọ́n á lọ wẹ̀. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù parí, Bàbá Ẹ̀pẹ́ ránṣẹ́ pè wọ́n ní Sátidé. A jọ lọ sí ilẹ̀ òfìfo náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní, "Múfútáù, ó ku ìgbà kan ṣoṣo. Lónìí ló máa sáré. Ìwọ ni kó o yí abẹ́rẹ́ náà." Bàbá mi wo ìka wọn tó ti jinná. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ ṣe é. Ó ti mọ̀ ọ́n." Bàbá Ẹ̀pẹ́ ní, "Èmi náà ni mo kánjú pẹ̀lú rẹ nígbà tó o wà lọ́mọdé. Mo fẹ́ kó o ti di mẹ́káníìkì kí irùngbọ̀n rẹ tó hù. Mo lé ọ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù fúnra mi. Yí i." Mo gbá abẹ̀bẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ìka méjì mú abẹ́rẹ́. "Díẹ̀," ni Bàbá Ẹ̀pẹ́ ń wí. "Dúró. Gbọ́ ọ. Díẹ̀ sí i." Gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ yẹn lọ, ohùn kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀, tó mọ́, tó gùn bí òwú tí a fà láti ara kẹ̀kẹ́ òwú. Ó ń lọ, kò ha, kò rẹ̀. Bàbá mi ò yí i mọ́. Wọ́n kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí epo fi tán pátápátá. Nígbà tí ó dákẹ́, wọn kò dìde. Wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá, màá sọ fún ọkùnrin oníyìnyín yẹn pé kó wá ibòmíràn." Bàbá Ẹ̀pẹ́ ní, "O ṣeun," ọ̀rọ̀ náà sì jáde geere.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni a gbé wọn padà sí Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú bàálù náà lórí ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀. Màmá mi ti bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń gbé nítòsí ṣọ́ọ̀bù, sọ̀rọ̀ pé kó máa bójú tó wọn. Ní pápá kan lẹ́yìn ilé ìwé, bàbá mi di okùn wáyà mú, mo fi bàálù náà sílẹ̀, ó sì gbéra. Ó yí wọn ká lẹ́ẹ̀kan, àwọn èrò tó pé jọ síbẹ̀ pariwo. Ó yí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bàbá mi náà ń yí bẹ́ẹ̀, òòyì kọ́ wọn, wọ́n jókòó gbì sílẹ̀, bàálù sì forí sọ pápá. Ìyẹ́ apá kan ya. Ẹ́ńjìnnì kò ní nǹkan kan. Bàbá Ẹ̀pẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, bàbá mi náà sì ń rín in nílẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí, ẹ̀yìn ṣòkòtò wọn kún fún koríko.

Ọ̀sán ọjọ́ náà la ṣí ṣọ́ọ̀bù. Eruku bo gbogbo nǹkan, aláǹtakùn ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Mo ń gbálẹ̀, bàbá mi ń to sípánà sórí tábìlì ní apá òsì, kí ọwọ́ Bàbá Ẹ̀pẹ́ lè tó o, nígbà tí Àlàájà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ ojú omi méjì ló ní, àwọn ló fi ń kó ẹja wá sí Ọjà Olúwo, ọkùnrin méjì sì gbé ẹ́ńjìnnì dání lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo inú ṣọ́ọ̀bù, ó wo ọ̀pá tó fara ti ògiri, ó wo ọwọ́ ọ̀tún tó sinmi lórí ẹsẹ̀. Mo rí i pé ó fẹ́ ní kí wọ́n máa gbé e lọ síbòmíràn. "Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni?"

Bàbá Ẹ̀pẹ́ wo bàbá mi, bàbá mi sì fa àpótí kan, wọ́n jókòó tì wọ́n ní apá ọ̀tún, wọ́n ká apá ẹ̀wù wọn sókè.

"Ẹ gbé e wọlé," ni Bàbá Ẹ̀pẹ́ wí.